Aṣọ Ọ̀gbọ̀ Àwọn Àgbẹ̀ Ọkùnrin Ilẹ̀ Pólándì: Láti Ìgbà Ìsìn dé Ìgbà Òmìnira



Àwọn baba wa ní aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tí a bá rí nínú aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀, a kò tí ì kí i rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: àgbẹ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Pólándì. Bí a bá ṣí ìwé tí ó ní àwòrán aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn Yúróòpù, ẹni tí a óò bá lábẹ́ orúkọ Pólándì ni ọ̀dọ́mọkùnrin agbègbè Kraków. Fìlà pupa onígun mẹ́rin tí a ki ìyẹ́ ọ̀kín bọ̀ ni ó dé. Ẹ̀wù aláìlápá aláwọ̀ búlúù ni ó wọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ní ìlà pupa àti funfun, ó kì í bọ inú bàtà gíga, òrùka idẹ sì ń dún wọ̀nrànwọ̀nran lára ìgbànú rẹ̀. Ó dára, ó sì wuyì. Ṣùgbọ́n aṣọ ọjọ́ ọdún ni. Aṣọ tí baba ńlá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí nínú àwòrán náà. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, ìwọ̀nba ọrùn àti ọwọ́ ẹ̀wù funfun tí ó yọ díẹ̀ lábẹ́ aṣọ aláràbarà ni a óò rí.

Ìgbàgbé lásán kọ́ ni ó gbé aṣọ funfun yẹn lọ. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tí a ran, tí a hun, tí a sì rán nínú ilé ni aṣọ ìgbà tí àgbẹ̀ Pólándì kò ní òmìnira. Aṣọ aláràbarà tí gbogbo ayé ń pè ní aṣọ àbáláyé, òmìnira ni ó bí i, owó ọjà àti ẹ̀rọ sì ni ó tọ́ ọ dàgbà. Èyí tí a ń pè ní arúgbó gan-an ni àbúrò nínú àwọn méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wá yí padà báyìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Ọ̀gbọ̀ kì í ṣe ohun tí ojú wa mọ̀ nínú oko. Inú Bíbélì ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ bá orúkọ rẹ̀ pàdé, níbi tí a ti ka nípa aṣọ ọ̀gbọ̀ àwọn àlùfáà Ísírẹ́lì. Òwú tiwa, inú èso ni ó ti ń yọ jáde; a ó já a, a ó yọ kóró rẹ̀, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó sì ran án. Ti ọ̀gbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ara igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni fọ́nrán náà sá pamọ́ sí, láàárín èèpo òde àti igi líle inú, ìyà kékeré kọ́ ni a óò sì fi jẹ igi náà kí ó tó jọ̀wọ́ ohun tí ó fi pamọ́.

Ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ọdún, nígbà tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ni wọ́n ń gbin ọ̀gbọ̀ ní Pólándì. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́ yóò ti yọ òdòdó búlúù, yóò sì ti gbó. Wọn kì í fi dòjé gé e. Fífà ni wọ́n ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí fọ́nrán rẹ̀ má baà kúrú. Wọn a fi ìyàrí onígi ya orí rẹ̀ kúrò, nítorí kóró rẹ̀ wúlò: òróró rẹ̀ ni àwọn ará oko ń fi jẹun ní àkókò ààwẹ̀ ìjọ Kátólíìkì, nígbà tí a kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọ̀rá ẹran. Lẹ́yìn èyí ni rírẹ. Wọn a rì í sínú adágún omi, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko kí ìrì máa sẹ̀ sí i lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí oje tí ó lẹ fọ́nrán mọ́ igi yóò fi jẹrà. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Bí ó bá rẹ díẹ̀ jù, fọ́nrán kò ní ya. Bí ó bá rẹ jù, fọ́nrán fúnra rẹ̀ yóò bá a jẹrà, iṣẹ́ ọdún kan sì ti bọ́ sómi. Òórùn ibi tí wọ́n ń rẹ ọ̀gbọ̀ sí kì í ṣe kékeré, ẹni tí ó bá mọ òórùn ègé tí a rẹ lè fojú inú wò ó.

Nígbà tí ó bá ti gbẹ, wọn a fi ẹ̀rọ onígi kan tí ó ní ẹnu bí ti ọ̀nì máa rún un, igi inú rẹ̀ a máa fọ́ wẹ́wẹ́, a máa dà nù. Wọn a tún fi abẹ onígi lù ú, wọn a sì fà á gba inú pákó tí a kan eyín irin mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń ya irun tí ó ta kókó. Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín. Fọ́nrán gígùn, tí ó ń dán, yóò dúró sọ́wọ́ ẹni tí ń yà á. Èyí tí ó kúrú, tí ó rí játijàti, yóò há sínú eyín irin. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ wíwẹ́. Ti ìkejì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní zgrzebne, aṣọ líle tí ó nípọn, tí ó sì ń yún ni lára títí tí ìfọṣọ ọdún púpọ̀ yóò fi tù ú lójú. Irú kan tún wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn mìíràn sì ń lo fọ́nrán igi kan tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí igbó tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń mu. Ṣùgbọ́n okùn, àpò àti ṣòkòtò ni ó wà fún lọ́dọ̀ wọn.

Òwú ríran di ìgbà òtútù, nígbà tí yìnyín bá bo oko, tí iṣẹ́ ilẹ̀ kò sì sí. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin a kó ìrànwú tàbí kẹ̀kẹ́ òwú wọn lọ sí ilé ẹnì kan, kí iná kan ṣoṣo lè tó gbogbo wọn. Wọn a máa fi itọ́ rin ìka kí òwú lè dán, wọn a máa pa ìtàn, àwọn ọmọkùnrin a sì wá ohun tí wọn yóò fi ṣe àwáwí kí wọ́n lè wọlé jókòó. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: aṣọ ọkùnrin ni à ń sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin ni ó ti wá. Híhun ni ó sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin, nítorí ọ̀pọ̀ abúlé ní ahunṣọ tirẹ̀ tí ń gba òwú ará abúlé tí ń bá wọn hun ún. Bí aṣọ bá kúrò lórí òfì, eérú ni àwọ̀ rẹ̀ ń jọ, kò tí ì funfun. Wọn a fi omi eérú sè é, wọn a fi igi lù ú, wọn a sì tẹ́ ẹ sórí pápá lẹ́bàá odò nígbà ìrúwé. Wọn yóò máa wọ́n omi sí i, oòrùn yóò máa gbẹ ẹ, àwọn ọmọdé yóò máa lé pẹ́pẹ́yẹ kúrò lórí rẹ̀, títí yóò fi funfun. Láti ìgbà tí a gbin kóró títí di ìgbà tí ọkùnrin yóò fi wọ ẹ̀wù, ó ju ọdún kan lọ.

Ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀ kò nira láti ṣàpèjúwe. Wọn kì í gé e yípo bí ti télọ̀ òde òní, nítorí ẹni tí ó bá ti fi ọdún kan ṣe aṣọ kò ní ju ìgékù nù. Onígun mẹ́rin ni apá iwájú àti ẹ̀yìn, onígun mẹ́rin ni ọwọ́, onígun mẹ́rin kékeré ni èyí tí wọ́n fi sí abíyá kí apá lè gbé sókè. Iwájú là sílẹ̀ láti ọrùn dé àyà, wọn a sì fi ọ̀já, ìrépé aṣọ pupa, tàbí ohun ìdè onírin so ó. Ó gùn dé itan tàbí orúnkún. Ní ibi púpọ̀, ìta ṣòkòtò ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wà, tí wọn yóò wá fi ìgbànú dè é ní ìbàdí. Kíkì í bọ inú ṣòkòtò jẹ́ àṣà tí ó dé lẹ́yìn. Ṣòkòtò, tí wọ́n ń pè ní portki, ẹsẹ̀ méjì gbọọrọ ni, pẹ̀lú okùn tí a fi fà á pọ̀ ní ìdí. Ní agbègbè Sandomierz, Rzeszów àti Lublin, wọ́n tún ní ẹ̀wù àwọ̀lékè ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí a fi ọ̀gbọ̀ rán, płótnianka ni orúkọ rẹ̀, tí wọ́n gé gẹ́gẹ́ bí sukmana, èyí tí í ṣe ẹ̀wù àwọ̀lékè onírun àgùntàn fún ìgbà òtútù àti ọjọ́ Ìsinmi.

Ọmọdé kò ní ṣòkòtò rárá. Àti ọkùnrin àti obìnrin, ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ gígùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀ káàkiri títí wọn yóò fi gbọ́n díẹ̀. Ẹni tí ń gbé ìyàwó a máa gba ẹ̀wù ìgbéyàwó lọ́wọ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin náà. Àwọn àgbà sì máa ń fi ẹ̀wù wíwẹ́ kan pamọ́ sínú àpótí de ọjọ́ ìsìnkú wọn. Báyìí ni ọ̀gbọ̀ ṣe bá ọkùnrin oko rìn láti àtẹ́lẹ̀ dé ibojì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ó ṣì pé, agbègbè Biłgoraj, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ni kí ó wò. Níbẹ̀ ni ẹ̀wù gígùn tí ń bẹ níta ṣòkòtò, ṣòkòtò ọ̀gbọ̀ àti ẹ̀wù àwọ̀lékè ọ̀gbọ̀ ti pẹ́ jù. Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí àwọn ará Biłgoraj kì í ṣe ará ìgbèríko tí kò jáde rí. Asẹ́ tí wọ́n fi irun ẹṣin hun ni wọ́n ń tà kiri títí wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti Hungary. Wọ́n rí ayé, wọ́n sì padà wọ aṣọ ilé wọn. Nítorí náà, mi ò gba ti àwọn tí ń sọ pé àìmọ̀kan ni ó ń mú kí àgbẹ̀ wọ aṣọ ilé.

Kí wá ni ó mú wọn wọ̀ ọ́? Àìlówó lọ́wọ́ ni, àìlówó náà sì ní orísun. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni òfin ti so àgbẹ̀ Pólándì mọ́ ilẹ̀ olúwa rẹ̀. Òfin ọdún 1520 ní kí ó sìn ní oko olúwa ilẹ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àlìkámà àti ọkà tí àwọn ọlọ́lá ń kó gba odò Vistula lọ sí èbúté Gdańsk ń mú owó wọlé, bí owó ṣe ń dùn mọ́ wọn ni ọjọ́ ìsìn náà sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ agbo ilé ń sin ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pańszczyzna ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ní n wá orúkọ fún un ní èdè wa, n kò ní pè é ní iṣẹ́ ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà mọ iye tí òun jẹ. Ọjọ́ tí ó bá san án, ó bọ́. Àgbẹ̀ Pólándì kò jẹ gbèsè kankan tí ó lóǹkà. Wọ́n bí i sínú ìsìn ni, kò lè kúrò ní abúlé láìgba àṣẹ, olúwa ilẹ̀ náà sì ni adájọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó wà ní ipò yìí kì í rówó lò. Iyọ̀, irin àti owó orí ni ìwọ̀nba owó tí ó bá rí ń bá lọ. Ohun tí yóò wọ̀ gbọ́dọ̀ ti inú oko rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrànwú pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìsìn, nítorí ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ran ìwọ̀n òwú kan láti inú ọ̀gbọ̀ olúwa ilẹ̀ ní ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ran ti ilé wọn. Nígbà tí a bá gbọ́ tí wọ́n ń ròyìn ẹ̀wà alẹ́ òwú ríran, orin rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀, ó yẹ kí a bèèrè pé ti ta ni òwú tí ó wà lórí ìrànwú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín yóò ti máa wí lọ́kàn rẹ̀ pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀gbọ̀ àwọn ará ibi tí yìnyín ń bọ́. Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ibi tí mo ń sọ yìí ni ilẹ̀ Silesia wà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọba Prọ́ṣíà ni ó gbà á, èdè Jámánì ni ọ̀pọ̀ àwọn ará òkè rẹ̀ ń sọ. 1945 ni apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ Pólándì. Níbẹ̀, ọ̀gbọ̀ kì í ṣe aṣọ ilé nìkan, ọjà ńlá ni. Àwọn agbo ilé tí ó wà lábẹ́ ìsìn àwọn ọlọ́lá ń ran án, wọ́n ń hun ún ní owó tí kò tó nǹkan, àwọn oníṣòwò sì ń kó o gba Hamburg lọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípéènì. Nítorí pé iṣẹ́ ìsìn mú kí ó pọ́ọ́kú, ó wà lára ẹrù tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi ra ènìyàn. Ó sì tún wà lára aṣọ tí wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní oko ìrèké ní òdì kejì òkun. Àwọn òpìtàn òde òní ti tọ ipa rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí a so mọ́ ilẹ̀ ní Silesia ń hun aṣọ, a fi aṣọ náà ra ẹni tí a óò so mọ́ ilẹ̀ ẹlòmíràn ní Haiti tàbí Jamaica, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ orúkọ ara wọn rí. Ìparí ọ̀rọ̀ àwọn ahunṣọ Silesia kò dùn. Nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ dé, owó ọ̀yà wọn já wálẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1844 àwọn ahunṣọ abúlé méjì dìde, wọ́n wó ilé àwọn oníṣòwò, àwọn ọmọ ogun sì yìnbọn pa 11 nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlà-oòrùn. Ní 1772, 1793 àti 1795 ni Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́síríà pín ilẹ̀ Pólándì láàárín ara wọn, tí orúkọ rẹ̀ sì kúrò nínú àwòrán ayé fún 123 ọdún. Àwọn ìjọba àjèjì yìí, kì í ṣe àwọn ọlọ́lá Pólándì, ni ó tú àgbẹ̀ sílẹ̀: Prọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ ní 1807, Ọ́síríà ṣe é ní 1848 ní apá tirẹ̀ tí ń jẹ́ Galicia, Rọ́ṣíà sì ṣe é ní 1864. Ẹ̀gún ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lọ́fun àwọn olùfẹ́ ìlú wọn. Tadeusz Kościuszko ti gbìyànjú ní 1794. Lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ tí ó fi dòjé gígùn jà ti borí Rọ́ṣíà fún un ní Racławice ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, ó wọ sukmana láti fi bu ọlá fún wọn, ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ó sì kéde pé wọ́n di òmìnira lára, kí ọjọ́ ìsìn wọn sì dínkù. Ṣùgbọ́n ogun náà bàjẹ́ kí ọdún tó parí. Ẹ wò ó pé sukmana ni ó wọ̀. Ẹ̀wù irun àgùntàn ọjọ́ Ìsinmi ni ó wọ inú ìtàn, ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ kò wọ̀ ọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ ọ̀gbọ̀ náà ni ó sọ ọ́ fún wa. Jan Słomka, tí a bí ní 1842 ní abúlé Dzików ní Galicia, tí ó sì pẹ́ gan-an ní ipò baálẹ̀ ibẹ̀, kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 1912. Ènìyàn tí ń ka kọ́bọ̀ ni, ó sì mọ iye ohun gbogbo. Ó ṣàlàyé bí aṣọ tí a ṣe nílé ṣe wà lára gbogbo ènìyàn nígbà èwe rẹ̀, àti bí aṣọ ṣọ́ọ̀bù ṣe lé e lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sunkún lé e. Àwa tí a wà lókèèrè ni ó rọrùn fún láti kẹ́dùn aṣọ tí kò yún wa lára rí.

Àgbẹ̀ tí ó ti di olówó ara rẹ̀ lè ta ọkà, ó lè lọ sí òkè òkun, ó lè rán owó wálé. Ẹ̀rọ náà sì ti ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ní apá tí ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Philippe de Girard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń ran ọ̀gbọ̀, nítorí pé ní 1810 Napoleon ṣèlérí 1,000,000 owó franc fún ẹni tí ó bá lè ṣe é. Kò rí owó náà gbà. Pólándì ni ó bá ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ní 1833 sì ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ ọ̀gbọ̀ rẹ̀ lọ sí ibì kan nítòsí Warsaw tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè: Żyrardów ni Girard gẹ́gẹ́ bí ẹnu àwọn ará Pólándì ṣe ń pè é. Ọ̀gbọ̀ tún di ohun ẹ̀rọ báyìí, ó di aṣọ tábìlì àti aṣọ ibùsùn àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ òwú tiwa, èyí tí ń yọ láti inú èso, ni àgbẹ̀ kọjú sí. Łódź, tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 1,000 ní 1820, ti ní ju 300,000 lọ ní 1897, nítorí òwú. Òwú náà kọ́kọ́ ń wá láti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣì wà nínú ẹrú títí di 1865. Ẹ̀wù tí ó gba ipò ẹ̀wù ìsìn lára àgbẹ̀ Pólándì, ìsìn ẹlòmíràn ni ó wà nínú rẹ̀.

Ìgbà yìí gan-an, ìdajì ìkẹyìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni aṣọ ọdún gbèrú. Ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì, ọ̀já aláràbarà, òwú tí a ti pa láró ní ilé iṣẹ́, gbogbo wọn dé ọjà abúlé pẹ̀lú owó tí a óò fi rà wọ́n. Abúlé kan ń bá èkejì figagbága. Nígbà tí aṣọ ọ̀gbọ̀ ojoojúmọ́ ń lọ sí abẹ́ àti sí ẹ̀yìn, aṣọ ọjọ́ Ìsinmi ń tàn bí oòrùn. Aṣọ ẹni tí ó ti di òmìnira ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Oskar Kolberg, tí ó kú ní 1890 lẹ́yìn tí ó ti tẹ ju ìdìpọ̀ 30 jáde lórí ìṣe àwọn ará oko, ti rí àwọn méjèèjì, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ wọn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà Kraków ni mo ní lọ́kàn. Ní 1890 Włodzimierz Tetmajer, ayàwòrán, fẹ́ ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan ní abúlé Bronowice. Ní 1900 Lucjan Rydel, akéwì, fẹ́ àbúrò ọmọbìnrin yẹn. Ó di àṣà, wọ́n ń wọ aṣọ oko, wọ́n sì ń yìn ín bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí orílẹ̀-èdè ń gbé. Stanisław Wyspiański wà níbi ìgbéyàwó Rydel. Eré tí ó kọ lórí rẹ̀, Wesele, tí wọ́n ṣe ní Kraków ní 1901, mú òkú wọ inú àríyá náà: Jakub Szela. Gbogbo àwọn tí ó wà ní gbọ̀ngàn ni ó mọ ẹni náà. Ní 1846, ní ìhà Tarnów, àwọn àgbẹ̀ dìde sí àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ń múra ogun òmìnira Pólándì sílẹ̀, àwọn òpìtàn sì ka iye tí wọ́n pa sí nǹkan bí 1,000. Lójú àgbẹ̀ ìgbà náà, olúwa ilẹ̀ ni “ará Pólándì”, òun kọ́. Bí ọdún 54 ti kọjá, ọmọ àwọn olúwa ilẹ̀ àti ti ìlú ń bẹ àgbẹ̀ pé kí ó yá àwọn ní aṣọ kí àwọn lè di ará Pólándì gidi. N kò sọ pé ẹ̀tàn ni ìfẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣe kedere sí mi pé aṣọ aláràbarà nìkan ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ ìlàjà bẹ́ẹ̀. Ṣòkòtò zgrzebne yóò ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Látìgbà náà ni ojú ọ̀nà ti là. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Seweryn Udziela dá sílẹ̀ ní Kraków ní 1911, àti irú rẹ̀ ní ìlú mìíràn, gba ohun tí àwọn ará oko ti tọ́jú, ohun tí ènìyàn sì ń tọ́jú sínú àpótí ni aṣọ ọdún. Ìjọba tí ó dé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tún kan ìṣó mọ́ ọn. Ní 1948 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníjó Mazowsze sílẹ̀, tí ó gbé aṣọ wọ̀nyí káàkiri ayé. Ó tọ́ kí n gbóríyìn fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé aṣọ agbègbè kọ̀ọ̀kan ní 1949, nítorí wọ́n wọn ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, wọ́n ya bí wọ́n ṣe gé e, wọn kò fojú di í. Ṣùgbọ́n èrò tí ń wo ijó kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

A kò sì lè di gbogbo ẹ̀bi ru ará ìlú. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ sá fún ọ̀gbọ̀, wọ́n sì ní ìdí. Wincenty Witos, ọmọ àgbẹ̀ láti Wierzchosławice, di olórí ìjọba Pólándì ní ìgbà mẹ́ta, ní 1920, 1923 àti 1926. Ó lókìkí pé kì í so táì. Kóòtù rẹ̀ jẹ́ ti ìlú, bàtà rẹ̀ gíga bí ti oko, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sì ṣófo. Àwọn ará ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe: kò padà sínú ọ̀gbọ̀ tí a fi mọ ìran rẹ̀ ní ẹrú, kò sì jẹ́ kí táì sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ náà láti 1939 sí 1945, tí aṣọ kò sí lọ́jà mọ́, ọ̀gbọ̀ padà. Àwọn ìyá àgbà gbé kẹ̀kẹ́ òwú sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà, wọ́n tún òfì tò, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní ohun tí àwọn ọmọ wọn ti gbàgbé. Bí ogun ṣe tán ni wọ́n tún gbé e padà sókè.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, lórí ibi tí àwọn ẹ̀wù náà wà nísinsìnyí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbẹ̀ Pólándì kì í sùn sílé. Ẹ̀wù tí ó bá gbó a di ti ọmọ, a di ìlédìí, a di ìnulẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí ń ti abúlé bọ́ sí abúlé yóò wá fi abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀já pààrọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bébà ni ó ń kó o lọ, nítorí kí wọ́n tó mọ bí a ti ń fi igi ṣe bébà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àkísà ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ń gún tí wọ́n fi ń ṣe é. Orí irú bébà bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé olúwa ilẹ̀ ń kọ ìwé oko sí: orúkọ baálé ilé kọ̀ọ̀kan, iye ọjọ́ tí yóò sìn lọ́sẹ̀, iye adìẹ àti ẹyin tí yóò mú wá, iye òwú tí ìyàwó rẹ̀ yóò ran kí yìnyín tó yọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣì wà ní àpamọ́ ìjọba ní Kraków àti ní Lublin. Bí ènìyàn bá gbé ewé kan nínú wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, yóò rí fọ́nrán ọ̀gbọ̀ nínú rẹ̀.